Kò Sẹ́ni Tó Kọ́ Mi

"Tún un sọ," ni Láṣebíkan wí.

Àrìnọlá tún ara rẹ̀ tò lórí àpótí. "Ní Oko Dígí, a máa ń nu dígí láàárọ̀, kí oòrùn tó—"

"Ta ni ń jẹ́ 'a'?"

"Èmi àti màámi."

Láṣebíkan na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì jẹ́ kí wọ́n já bọ́ sórí itan rẹ̀. "Iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. O ò tí ì jókòó tán tí wọ́n ti ní kó o máa relé. Etí ò mọ 'a', ọmọ yìí. Bó o bá ti ní 'a' báyìí, ńṣe ló máa wo ẹni tó dàgbà jù nínú yín, tó sì máa kó gbogbo ẹ̀ lé onítọ̀hún lọ́wọ́. 'Mo' ni kó o wí. Jẹ́ n gbọ́."

"Mo máa ń nu dígí láàárọ̀, kí oòrùn tó mú."

"Ó korò lẹ́nu, àbí?"

"Ó korò, sà."

"Ewúro náà korò, a sì ń jẹ ẹ́. Tún un sọ."

Téèlọ̀ ni gbogbo Ṣakí ń pe Láṣebíkan, bẹ́ẹ̀ kò ki òwú bọ abẹ́rẹ́ rí láyé rẹ̀. Ìtàn iṣẹ́ àwọn èèyàn ló ń gé, tó ń rán, tó ń dín lápá, títí yóò fi bá iṣẹ́ tí wọ́n ń wá mu. Inú kọ̀ǹténà àlòkù kan lẹ́yìn ilé omi ló ti ń ṣe é. Ó ti fi fóòmù ibùsùn bo ògiri rẹ̀ yí ká, ó fi bo àjà, ó tún fi ọ̀kan dí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nítorí pé Etí, ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń gbọ́ràn, wà lórí gbogbo òpó ìgboro, ohun tí èèyàn bá sì ti sọ síbẹ̀, kò sí bó ṣe lè kó o padà sẹ́nu. Inú kọ̀ǹténà náà móoru bí ẹ̀yìn ààrò. Ṣùgbọ́n kò síbòmíràn ní gbogbo ìlú tí ọmọ èèyàn ti lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ kó má jìyà ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wá iṣẹ́ àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ fi ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Iṣẹ́ àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tí kò sí iṣẹ́ mìíràn lábẹ́ ẹ̀ mọ́. Gbálẹ̀, nu dígí, di ilẹ̀kùn mú. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ní ìlẹ̀kẹ̀ méje tó ń tàn lára ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ọdún kan ni ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbà wà lọ́wọ́ Àrìnọlá bó ti wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ tiẹ̀ dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Kó ṣe ṣókí," ni Láṣebíkan ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Sùúrù Etí ò ju kéèyàn mu ife omi kan lọ. Má sọ fún un pé o fẹ́ràn orin kíkọ. Má sọ pé o ní ìfaradà, gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, títí kan èyí tó sá lọ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kéde iṣẹ́ yẹn gan-an ni kó o dá padà fún wọn. Wọ́n ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ làwọn ń wá, kí ìwọ náà ní ọwọ́ rẹ fúyẹ́. Mo sì bẹ̀ ọ́, má ní o ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Ẹni tó ranni lọ́wọ́ ò ṣe nǹkan kan lójú òfin."

"Ṣùgbọ́n mo ti ń nu dígí láti kékeré, sà. Mo mọ̀ ọ́n nù ju àwọn tí wọ́n gbà lọ́dún tó kọjá lọ. Ibo ni kéèyàn ti rí ìlẹ̀kẹ̀ méje bí wọn ò bá gbà á síṣẹ́ kan rí?"

Láṣebíkan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Ìbéèrè tí bàbá mi bi bàbá rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tiwọn, orí bébà ni wọ́n ń kọ ìtàn iṣẹ́ sí. Èèyàn mẹ́wàá á jọ mọ odi kan ṣoṣo, bébà mẹ́wàá á ní oníkálùkù ló dá a mọ. Ìyẹn náà ni ìjọba fi ṣe Òfin Ọwọ́ Kan. Iṣẹ́ kan, ọwọ́ kan. Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Wọ́n ní káwọn àgbà lọ jókòó."

Ìyá tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn ti fóòmù. Àyìnkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbà tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìgunpá, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sì ń tàn ní pípọ́n rẹ́súrẹ́sú. Gbogbo dígí tí ọmọ rẹ̀ nù láti ìgbà tó ti lè di aṣọ ìnudígí mú, ọwọ́ ìyá ni Etí kà á sí, torí òun ló dàgbà jù. Ojú Àyìnkẹ́ ti ń funfun láàárín. Ìmọ́lẹ̀ dígí ló jẹ ẹ́. Bí oṣù yìí bá parí, wọ́n á yẹ ojú gbogbo òṣìṣẹ́ wò, wọ́n á yọ ọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá sì yọ ọ́ ni tìyá-tọmọ máa kúrò nínú kọ́tásì òṣìṣẹ́ bọ́ sí Ẹ̀yìn Odi, níbi tí omi kì í dé. Àyè kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ ní Oko Dígí. Bí Àrìnọlá bá rí i gbà, yàrá wọn kò ní í bọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ìyá ló máa fi gbà á.

"Màmá, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́," ni Láṣebíkan wí. "Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ó yọ̀ǹda iṣẹ́ yín fún ọmọ yín létí Etí. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń yọ̀ǹda nǹkan, kì í padà mọ́. Gbogbo pupa yẹn ló máa kú lọ́wọ́ yín."

"Kó kú," ni Àyìnkẹ́ wí. "Ṣé màá fi jẹun lọ́run ni?"

"Ti ìgbẹ̀yìn yẹn ò ní í kú." Láṣebíkan na ìka sí ìlẹ̀kẹ̀ funfun kan tó dá wà lẹ́bàá ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Ti ọmọ títọ́ nìyẹn. Kò wúlò níbi iṣẹ́ kankan, wọn kì í tiẹ̀ kà á. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ lè mú wọ kọ́tásì, ìyẹn ẹni tó tọ́ ọ dàgbà. Òun lẹ máa fi wọlé tọ ọmọ yín. Tiyín ò le rárá, Màmá. Ẹ ṣáà ti ní 'mo yọ̀ǹda', kẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ yìí ló niṣẹ́ lọ́rùn."

Ó yíjú sí Àrìnọlá, ó sì yí ohùn padà lójijì, ó ṣe bí olóyè. "O káre! Iṣẹ́ rẹ dára púpọ̀."

Àrìnọlá ti tẹ orúnkún kí ó tó ronú. "Ọlá yín ni, sà."

"Ó ti lọ!" Láṣebíkan pàtẹ́wọ́. "Gbogbo ọdún ìyá rẹ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Àwọn tó ṣe Etí, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí wọ́n tọ́ nílé. Wọn ò mọ̀ pé ìwà ọmọlúàbí ni. O ní ọlá mi ni, Etí gbà pé ọlá mi ni lóòótọ́. Ọmọkùnrin kan jáde níhìn-ín lọ́dún tó kọjá, ó mọ gbogbo nǹkan, ó dáhùn gbogbo nǹkan, ó ń jáde lọ ni ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ní 'o káre'. Ọlọ́dẹ yẹn ló di ẹnjiníà. Ó ṣì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọ̀lẹ ni."

Àyìnkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ayé ti dojú rú o. Kí ló wá yẹ kí èèyàn wí?"

"'Ẹ ṣeun.' Kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. 'Ẹ ṣeun' kì í gbé nǹkan fún ẹnikẹ́ni."

Ó fi 'o káre' lọ Àrìnọlá títí orúnkún ọmọbìnrin náà fi gbàgbé iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ. Ó kí i níwájú, ó kí i lẹ́yìn, ó kí i nígbà tó ń mu omi lọ́wọ́. Nígbà tó yá, 'ẹ ṣeun' ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń gba ṣéńjì. Ìyá rẹ̀ tí ń gbọ́ ọ lẹ́bàá ilẹ̀kùn kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ó ku ẹyọ kan," ni Láṣebíkan wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Wọ́n máa bi ọ́ pé ta ló kọ́ ọ."

"Màámi ni."

"Ó ti lọ. Ẹni tó kọ́ni ló nìmọ̀. 'Kò sẹ́ni tó kọ́ mi.' Sọ ọ́."

Àrìnọlá yíjú kúrò lọ́dọ̀ Téèlọ̀. Ó wo ìyá rẹ̀.

"Sọ ọ́, Àrìn," ni Àyìnkẹ́ wí. "Ẹnu lásán ni."

"Màámi, ẹ wà níbẹ̀ o. Iwájú yín ni màá ti sọ ọ́. Mi ò lè fi ẹnu mi yìí—"

"Kí lo wá fẹ́ fi jẹun? Imú?"

Láṣebíkan kò fi agbára mú un. Ó ti rí ọ̀pọ̀ tó kọ̀ láti sọ ọ́ nínú kọ̀ǹténà rẹ̀. Kò tí ì rí ẹni tó kọ̀ láti sọ ọ́ lọ́hùn-ún.

Nígbà tí oòrùn gun òkè ni wọ́n gba ọ̀nà Oko Dígí. Àyìnkẹ́ gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀, Àrìnọlá sì ń yà fún kòtò fún àwọn méjèèjì. Dígí ti bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà láti ẹsẹ̀ òkè títí dé ibi tí ojú kò dé mọ́, wọ́n ń gba oòrùn Ṣakí, wọ́n ń fi iná ránṣẹ́ sí àwọn ìlú etíkun tí Àrìnọlá kò dé rí. Ìlú tó ń pèsè iná, fìtílà ni wọ́n ń tàn ní Ẹ̀yìn Odi rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìyẹn kò dáa, kó lọ sọ ọ́ fún Etí.

Nínú oko yìí ni wọ́n ti tọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ti lọ sí etíkun kó tó mọ̀ ọ́n rìn, kò sì padà. Àyìnkẹ́ ní kí ọmọ máa fi omi ìrì nu dígí, torí omi ẹ̀rọ a máa fi àbààwọ́n sílẹ̀. Láti etí wá sí àárín. Má fi èékánná kan án. Má wò ó, ẹsẹ̀ rẹ ni kó o máa wò. Wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní awò dúdú kan láti fi dáàbò bo ojú, Àrìnọlá kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́, nítorí náà awò kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ojú Àrìnọlá ni awò yẹn wà láti kékeré. Ó ti tóbi jù fún un nígbà náà, okùn ni ìyá rẹ̀ fi so ó mọ́ ọn lórí. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi ìborùn bojú nígbà mìíràn, nígbà mìíràn a sì máa dijú. Àrìnọlá kò béèrè ìdí rẹ̀ rí, ọmọdé kì í béèrè irú ẹ̀. Nígbà tó wá gbọ́n tó láti béèrè, ojú ti ń funfun.

"Màámi, ṣé kò dùn yín?"

"Kí ni?"

"Pé ẹ ò ní í ní nǹkan kan mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá béèrè nípa yín, wọ́n á ní ẹ ò ṣe nǹkan kan rí."

"Ó dùn mí," ó ní. "Irọ́ ni mo pa fún Téèlọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí mo ní kó kú. Ó dùn mí gan-an ni. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀, ìwọ náà mọ̀. Máa wo ẹsẹ̀ rẹ, kòtò ń bẹ níwájú."

Gbọ̀ngàn ìgbanisíṣẹ́ tutù. Àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àti tábìlì kan. Etí wà lára ògiri, kò tóbi ju ọmọrí ìkòkò lọ, ohùn obìnrin ló sì ń jáde nínú rẹ̀, obìnrin tí kò sí ìlú tí wọ́n bí i sí. Alàgbà Ṣówándé jókòó nídìí tábìlì. Ará Ìjẹ̀bú ni, ọkùnrin arúgbó tó wọ agbádá aláwọ̀ eérú. Òfin ní kí ẹnu èèyàn béèrè ìbéèrè ìkẹyìn, kí wọ́n má baà sọ pé ẹ̀rọ ló ń gbani síṣẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn látàárọ̀ dalẹ́.

"Ẹ̀yin Àyìnkẹ́ Oyèníran," ni Etí wí, "ta lẹ yọ̀ǹda iṣẹ́ yín fún?"

"Mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọmọ mi, Àrìnọlá."

Ìlẹ̀kẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti ìgunpá wá sísàlẹ̀. Bí ọ̀kan ti ń kú lọ́wọ́ ìyá ni ọ̀kan ń tàn lọ́wọ́ ọmọ. Kò gba àkókò rárá. Àrìnọlá rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yẹ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó tilẹ̀ pariwo. Nígbà tó parí, ìlẹ̀kẹ̀ funfun kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ Àyìnkẹ́.

"Ẹ̀yin Àyìnkẹ́, ẹ ò ṣe iṣẹ́ kankan rí," ni Etí wí. "Ẹ lè jókòó. Ẹ̀yin Àrìnọlá, àkọsílẹ̀ fi hàn pé ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ṣáájú ọdún tí wọ́n bí yín. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ káre fún ìtẹpámọ́ṣẹ́ yín."

"Ẹ ṣeun."

Ó sọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ bí Láṣebíkan ti rán an. Mo fi omi ìrì nù ún. Mo bẹ̀rẹ̀ láti etí wá sí àárín. Ọwọ́ mi fúyẹ́. Gbogbo gbólóhùn ló jáde láìsí ìyá rẹ̀ nínú wọn, ó sì ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń mí lórí àga lẹ́yìn rẹ̀.

Alàgbà Ṣówándé gbé orí sókè. "Ojú rẹ mọ́ kedere, ọmọ mi. Àwọn tó pẹ́ tó báyìí nídìí dígí, ojú wọn kì í rí báyìí. Báwo lo ti ṣe é?"

Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ohun tí Téèlọ̀ kọ́ ọ. "Mò ń wọ awò mi déédéé, sà."

Awò mi. Ó gbọ́ tí àga ìyá rẹ̀ dún díẹ̀.

"Ó dáa. Ta ló kọ́ ọ?"

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, bẹ́ẹ̀ láwọn èèyàn ń wí látijọ́. Àrìnọlá wo ìlẹ̀kẹ̀ pupa tó kún ọwọ́ rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, níbi tí ìyá rẹ̀ ní kó máa wò. Inú bí i sí arúgbó tó wà níwájú rẹ̀. Inú bí i sí ìyá rẹ̀ pàápàá tó dákẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ tí kò wúkọ́, tí kò ní kó má sọ ọ́.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi," ó ní.

Alàgbà náà mí kanlẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu gbogbo ọmọ tó jókòó síbẹ̀, ó sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, òun náà ti ní ìyá rí.

"A gbà yín," ni Etí wí. "Kí ẹ ti wọ kọ́tásì kí oòrùn tó wọ̀, kí àyè yín má baà bọ́."

Àrìnọlá yíjú padà. Ìyá rẹ̀ ti dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti rin. Ayọ̀ ti gbé e. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Alàgbà Ṣówándé náà dìde. Bóyá ìbéèrè rẹ̀ ló ń gún un ní ọkàn, bóyá ó kàn fẹ́ ṣe oore kékeré kan kó tó lọ jẹun. Ó jáde nídìí tábìlì, ó rìn lọ bá Àyìnkẹ́, ó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni tí wọ́n tọ́ dáadáa yóò sọ.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ tọ́ ọmọ yìí, ó sì yanjú."

Ọmọ ni wọ́n kọ́ nínú kọ̀ǹténà Téèlọ̀. Kò sẹ́ni tó rántí kọ́ ìyá. Àyìnkẹ́ ti kúnlẹ̀ kí Àrìnọlá tó lè pariwo.

"Ọlá yín ni o, sà. Ọlá yín náà là ń jẹ."

Ìlẹ̀kẹ̀ funfun kú.

"Ó ti wọlé," ni Etí wí. "Alàgbà Ṣówándé, ẹ kú oríire ọmọ."

Àyìnkẹ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ dáadáa. Ojú Àrìnọlá ló fi mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ó fi ìka fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ náà máa ń gbóná díẹ̀, ó bá a tó tutù.

"Ẹ dá a padà, sà," ni Àrìnọlá wí. Ó ti dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, kò mọ ìgbà tó ṣe é. "Ẹ jọ̀ọ́, ìkíni ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìkíni ni."

"Mo mọ̀," ni Alàgbà wí. "Ọmọ mi, mo mọ̀. Mi ò tọrọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ti yọ̀ǹda kì í padà. Bí mo bá ní kì í ṣe tèmi, tìjọba ló máa dà. Bí ìwọ náà bá ní ìyá rẹ ló kọ́ ọ, ìjọba á kó ti ọwọ́ rẹ, ẹ̀yin méjèèjì á jọ jáde lọ́wọ́ òfo."

Ó ń sọ̀rọ̀ yìí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun kan ń tàn níbẹ̀ láàárín àwọn pupa. Ọkùnrin tó ti dàgbà tó báyìí, kò ní ọ̀kan rí. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló fa apá agbádá rẹ̀ wálẹ̀ bò ó, ó sì padà sídìí tábìlì, ó ń pe ẹni tó kàn.

Àrìnọlá di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú títí wọ́n fi dé ẹnu géètì kọ́tásì. Géètì tí Àyìnkẹ́ ti ń gbà wọlé láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ kọ́tásì náà ni. Oòrùn ti sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn dígí.

"Ẹ káàbọ̀, Àrìnọlá," ni géètì wí, ó sì ṣí. "Ẹni tó wà lẹ́yìn yín kò lè wọlé."

"Ìyá mi ni."

"Alàgbà Ṣówándé ló tọ́ yín. Àyè wọn wà nílẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín kò ṣe nǹkan kan rí, kò sì tọ́ ẹnì kan rí."

Nǹkan kan já nínú Àrìnọlá. Kò fẹ́ iṣẹ́ mọ́, kò fẹ́ yàrá, kó kàn lè sọ òtítọ́ kan ṣoṣo síta kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó kọjú sí òpó tí Etí wà, ó la ẹnu. "Màámi ló—"

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti bò ó lẹ́nu. Ọwọ́ náà le, ó ń ta òórùn ọṣẹ àti eruku dígí. Àyìnkẹ́ dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ọmọ náà fi dẹ́kun ìjàkadì, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí òpó má gbọ́.

"Ó ti wà lọ́wọ́ rẹ. Má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Mo ti fún ọ ní ojú méjì, mo ti fún ọ ní gbogbo ọdún mi. Bó o bá sọ ọ́ nù báyìí, ó di ohun tí mo fi ṣòfò."

"Ibo lẹ máa sùn?"

"Ọ̀dọ̀ Téèlọ̀. Òun ló kọ́ ọmọ tí kò kọ́ ìyá, á fún mi ní fóòmù." Ó ń gbìyànjú láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò bọ́ sí i. "Ìborùn mi ń bẹ lórí okùn, bá mi ká a wọlé kí ìrì tó sẹ̀. Awò wà lórí àpótí. Wọ̀ ọ́ lọ́la o. Má ní torí pé ojú rẹ ṣì dára."

Ó tì í. Ẹsẹ̀ Àrìnọlá kọjá ìlà géètì, irin sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra padà láàárín wọn. Ìyá rẹ̀ dúró sí ìta, ó na ọrùn, ó ń wá ọmọ rẹ̀ nínú funfun ojú rẹ̀, bóyá ó rí i, bóyá kò rí i.

"O káre, ọmọ mi!" ó ké. "O káre!"

Orúnkún Àrìnọlá fẹ́ tẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Etí wà lókè lórí òpó. Ó mú orúnkún rẹ̀ le.

"Ẹ ṣeun," ó ní.

Lẹ́yìn irin géètì, ìyá rẹ̀ mi orí lẹ́ẹ̀mejì, bí olùkọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti gba gbogbo rẹ̀ láìṣìṣe.